Ìdíje Ṣẹ́ẹ̀sì Wijk aan Zee: Ìbéèrè àti Ìdáhùn nípa Ìtàn Rẹ̀ láti 1938

Ìdíje wo gan-an ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdọọdún ní abúlé Wijk aan Zee, lórílẹ̀-èdè Netherlands, ni. Orúkọ tó ń jẹ́ lónìí ni Tata Steel Chess, ṣùgbọ́n orúkọ abúlé náà ni àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì fi ń pè é láàárín ara wọn. Bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ sí Wijk, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé Wijk wo. Etí Òkun Àríwá ni abúlé yìí wà, ní ẹkùn North Holland, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Beverwijk. Ẹni tó bá gun òkìtì yanrìn etí òkun níbẹ̀ yóò rí omi lọ salalu níwájú, bó bá sì yíjú sí gúúsù, yóò rí àwọn òpó èéfín ilé iṣẹ́ irin ńlá tó wà ní IJmuiden. Ilé iṣẹ́ yìí ló bí ìdíje náà, òun ló sì ń bọ́ ọ títí di òní.

Ọdún 1938 ni ìdíje náà bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọdún 1945 nìkan ni wọn kò ṣe é, tó fi jẹ́ pé èyí tí wọ́n ṣe ní 2025 ni ìkẹtàdínláàádọ́rùn-ún, ìyẹn ìgbà 87. Ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ọlọ́dọọdún tó ga tó bẹ́ẹ̀ tó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lágbàáyé.

Kí ló kan ilé iṣẹ́ irin pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀sì?

Ọdún 1918 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ti fi han àwọn ará Netherlands pé orílẹ̀-èdè tí kò lè yọ́ irin fúnra rẹ̀ yóò máa wo ojú àjèjì. Hoogovens ni wọ́n sọ ọ́, èyí tó túmọ̀ sí "àwọn iléru gíga" ní èdè wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì tiwọn, ẹgbẹ́ yìí ló sì gbé ìdíje kalẹ̀ ní ìlú Beverwijk ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1938 kí àwọn tó ń bá iléru jà láti àárọ̀ dalẹ́ lè rí ohun tí wọn yóò fi gbádùn ìgbà òtútù. Kò sí àlejò láti òkè òkun, kò sì sí ariwo kankan. Ènìyàn mẹ́rin péré ló wà ní ìsọ̀rí tó ga jù, ọmọ ilẹ̀ Netherlands ni gbogbo wọn, Philip Bakker ló sì gbégbá orókè. Nicolaas Cortlever gbà á ní ọdún kejì. Nígbà tó di 1940, Max Euwe, ẹni tó ti wà lórí oyè aṣẹ́gun gbogbo ayé láti 1935 sí 1937, wá jókòó ti ọpọ́n pẹ̀lú wọn, ó sì borí.

Ó yẹ kí á fi ìbẹ̀rẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ló ya Wijk aan Zee sọ́tọ̀. Nínú ayò tiwa, a mọ ẹni tí à ń pè ní ọ̀ta, a sì mọ ẹni tí à ń pè ní ọ̀pẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdíje ńlá ló jẹ́ pé àwọn ọ̀ta ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, tí wọ́n wá fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀pẹ̀ láti wòran. Níbi tí à ń sọ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ tí kò fi ṣẹ́ẹ̀sì jẹun ló kọ́kọ́ ni ilé, àwọn ọ̀ta ló wá bá wọn níbẹ̀.

Ṣé ogun kò dá a dúró?

Ogun Àgbáyé Kejì kò dá a dúró kíákíá bí ènìyàn yóò ti rò. Jámánì gba ilẹ̀ Netherlands ní oṣù karùn-ún 1940, síbẹ̀ wọ́n ta ayò ní 1941, 1942, 1943 àti 1944. Euwe tún gba ti 1942. Ohun tó dá a dúró ní 1945 ni ebi. Ní ìgbà òtútù 1944 mọ́ 1945, oúnjẹ àti èédú kò rí ọ̀nà dé ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà, níbi tí Beverwijk wà. Àwọn ènìyàn ń sun igi àga wọn láti yá iná, wọ́n ń se gbòǹgbò òdòdó túlíìpù jẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì kú. Ìgbà Òtútù Ebi ni wọ́n ń pè é nínú ìtàn wọn. Kò sí ẹni tí yóò ní kí wọ́n wá ta ṣẹ́ẹ̀sì nírú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1946, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún yìí gan-an ni ìdíje náà kọ́kọ́ di ti gbogbo àgbáyé, tí wọ́n ń pe àlejò láti orílẹ̀-èdè mìíràn, àlejò ló sì gbà á: Albéric O'Kelly de Galway, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù.

Ọbẹ̀ wo ni wọ́n máa ń sọ pé ó jẹ mọ́ ìdíje yìí?

Ọdún 1946 yìí náà ni ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àṣà ni pé kí wọ́n ṣe àsè ní ọjọ́ ìparí, ṣùgbọ́n oúnjẹ ṣì wọ́n bí ojú, nítorí náà ohun tí wọ́n gbé síwájú àwọn tó ta ayò ni ọbẹ̀ tí àwọn ará Netherlands ń pè ní snert. Ẹ̀wà roboto aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń sè é. Wọn yóò sè é títí tí ẹ̀wà yóò fi yọ́ pátápátá, wọn yóò kó kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà eléwé àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i, wọn yóò sì gé sọ́séèjì tí wọ́n fi èéfín yan lé e lórí. Ẹni tó bá mọ gbẹ̀gìrì mọ ìdajì ohun tí mò ń wí, àmọ́ wọn kì í fi ajọ̀ jọ tiwọn, ó sì máa ń ki débi pé wọ́n ń sọ pé ṣíbí gbọ́dọ̀ lè dá dúró gbọnin nínú rẹ̀ kó tó pé. Búrẹ́dì dúdú ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí nǹkan rọ̀ṣọ̀mù tán, tí ilé iṣẹ́ irin náà lówó tó láti fi ohunkóhun tó wù ú ṣàlejò, wọn kò pa ọbẹ̀ náà tì. Títí di òní, àsè ìparí kò pé láìsí i. Àwọn aṣẹ́gun gbogbo ayé tí wọ́n ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá níbòmíràn máa ń jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sí ọbẹ̀ ọdún ìyàn.

Kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ kò fi dúró sójú kan?

Orúkọ ilé iṣẹ́ ni ìdíje ń jẹ́, orúkọ ilé iṣẹ́ sì ń yí padà bí olówó rẹ̀ bá ti yí padà. Hoogovens ni ó ń jẹ́ títí di 1999. Ní ọdún yẹn, Hoogovens àti British Steel ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì parapọ̀ di Corus, ìdíje náà sì ń jẹ́ Corus láti 2000 sí 2010. Tata ti ilẹ̀ Íńdíà ra Corus ní 2007, láti 2011 ni ìdíje náà sì ti ń jẹ́ Tata Steel.

Nígbà wo ni wọ́n kó o kúrò ní Beverwijk?

Ní 1968. Abúlé etí òkun náà kò jìnnà sí Beverwijk rárá. Viktor Korchnoi ló gba ti ọdún yẹn, ó sì gbà á lọ́nà tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu: àmì 12 nínú ayò 15, àmì mẹ́ta gbáko ló fi ju àwọn tó tẹ̀lé e lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ta ìdíje náà?

Ìsọ̀rí méjì ló wà fún àwọn ọ̀jáfáfá lónìí. Ti òkè ni Masters, ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Challengers. Ènìyàn 14 ló máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù yóò sì bá àwọn 13 tó kù ta ayò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó mú kí ó gba ọ̀sẹ̀ méjì àti díẹ̀ kí wọ́n tó parí. Ẹni tó bá borí gba àmì kan, ẹni tó bá ta ọ̀mì gba ìdajì. Wọ́n ti dán ọ̀nà mìíràn wò rí: ní 1993 àti 1995, wọ́n sọ ọ́ di ìdíje àyọkúrò, níbi tí ẹni tó bá fìdí rẹmi ń lọ sílé, ṣùgbọ́n wọ́n padà sí ọ̀nà àtijọ́, mo sì rò pé wọ́n ṣe é re. Abúlé náà kò tóbi, òtútù sì pọ̀ níta. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé kí gbogbo wọn wà pọ̀ títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹni tó bá gba ìsọ̀rí Challengers ní ẹ̀tọ́ láti bá àwọn Masters jókòó ní ọdún tó tẹ̀lé e. Àkàbà yìí ni mo kà sí nǹkan tó níyì jù nínú ètò wọn. Títí di 2013, ìsọ̀rí kẹta wà lábẹ́ méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní C. Fabiano Caruana gba ìsọ̀rí C ní 2008, ó gba B, ìyẹn orúkọ tí Challengers ń jẹ́ nígbà náà, ní 2009, ó sì gba Masters fúnra rẹ̀ ní 2020 pẹ̀lú àmì 10 nínú 13. Wesley So gba C ní 2009, ó gba Masters ní 2017. Wei Yi, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, gba Challengers ní 2015, ó wá gba Masters ní 2024.

Láyé àtijọ́, bí ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ní àmì kan náà, ńṣe ni wọ́n jọ ń pín ipò kìíní. Ní 1989, ẹni mẹ́rin ló pín in láàárín ara wọn: Anand, Nikolić, Ribli àti Sax. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n ti pa àṣà pípín tì. Ayò kánmọ́kánmọ́, tí ìṣẹ́jú rẹ̀ kò pọ̀ lórí aago, ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ipò. Magnus Carlsen àti Anish Giri ta irú rẹ̀ ní 2018 lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ní àmì 9, Carlsen ló sì borí.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni lè wọlé lọ ta ayò níbẹ̀?

Òótọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe pẹ̀lú àwọn Masters ni yóò ti ta á. Gbọ̀ngàn àwùjọ abúlé náà, tí wọ́n ń pè ní De Moriaan, ni ìdíje ti ń wáyé. Nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà ni àwọn ọ̀jáfáfá ń jókòó sí, tí àwọn olùkọ́, awakọ̀, dókítà, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì láti ilé iṣẹ́ irin náà sì jókòó sí tábìlì gbọọrọ tó wà nítòsí wọn. Àwọn wọ̀nyí ju ẹgbẹ̀rún kan lọ lọ́dún kan. Ìsọ̀rí ẹlẹ́ni mẹ́wàá ni wọ́n ń pín ọ̀pọ̀ wọn sí, gẹ́gẹ́ bí agbára oníkálukú, ẹni tó bá sì gba ìsọ̀rí tirẹ̀ yóò gòkè sí i ní ọdún tó ń bọ̀. Àwọn kan ti ń wá láti ìgbà èwe wọn, wọ́n sì ti sọ ìsinmi ọdọọdún lẹ́nu iṣẹ́ di ti Wijk.

Ẹ fojú inú wò ó. Akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ kan ń ronú lórí ìgbésẹ̀ kejìlélógún rẹ̀, ó dìde láti lọ mu kọfí, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, tí òun náà dìde, tó kó ọwọ́ sẹ́yìn, tó ń rìn síwá sẹ́yìn nítorí ayò tirẹ̀ kò dán mọ́rán. Àwọn méjèèjì ń jìyà ohun kan náà. Nǹkan tí mò ń tọ́ka sí nígbà tí mo ní àwọn ọ̀ta ló wá bá àwọn ọ̀pẹ̀ nílé nìyẹn.

Láti 2014, wọ́n tún ń gbé ìpele kan tàbí méjì, ìyẹn ayò ọjọ́ kan tàbí méjì, jáde kúrò ní abúlé lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n ti ta á ní Rijksmuseum ní Amsterdam, níbi tí wọ́n kó àwọn àwòrán àtayébáyé orílẹ̀-èdè náà pamọ́ sí, wọ́n sì ti ta á ní pápá ìṣeré ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù PSV ní Eindhoven ní 2020.

Ta ló gbà á jù lọ?

Magnus Carlsen, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, ló gbà á jù: ìgbà mẹ́jọ, ní 2008, 2010, 2013, 2015, 2016, 2018, 2019 àti 2022. Òun àti Levon Aronian ni wọ́n jọ pín ti 2008. Viswanathan Anand ló tẹ̀lé e pẹ̀lú ìgbà márùn-ún. Euwe, Korchnoi, Lajos Portisch ti ilẹ̀ Họ́ńgárì àti Aronian ní mẹ́rin mẹ́rin.

Bí a bá ka iye ìgbà tí Carlsen borí nìkan, a kò tíì mọ ìtàn náà. Ní 2004, ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí wọ́n fi í sí ìsọ̀rí C, ó sì kó àmì 10.5 nínú 13. Ayò tó fi na Sipke Ernst nínú ìdíje náà ṣì wà lára àwọn tí wọ́n máa ń fi han àwọn ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́. Ní 2006, òun àti Alexander Motylev jọ gba ìsọ̀rí B. Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ní 2007, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan. Nínú ayò 13, kò borí nínú ẹyọ kan: ó ta ọ̀mì mẹ́sàn-án, wọ́n nà án nígbà mẹ́rin, ó sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú àmì 4.5. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ọmọ ọdún 17 yìí kan náà pín ipò kìíní. Nínú gbogbo ipò tó ti wà lórí tábìlì Wijk, èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo máa ń rántí fún ẹni tó bá ń kánjú lórí ọmọ tó ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì.

Nínú àwọn tó ti jẹ́ aṣẹ́gun gbogbo ayé, àwọn tó ti gba Wijk, yálà ní àwọn nìkan tàbí pẹ̀lú ẹlòmíràn, ni Euwe, Botvinnik, Tal, Petrosian, Spassky, Karpov, Kasparov, Kramnik, Topalov, Anand àti Carlsen.

Ayò wo ni wọ́n ń sọ pé kò lè kú láéláé?

Ayò Garry Kasparov àti Veselin Topalov ni, tí wọ́n ta ní ọjọ́ 20 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1999. Kasparov ló ta funfun. Topalov, ọmọ ilẹ̀ Bọ̀lìgéríà, ti fi ọba rẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, lójú a7 (lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ojú kọ̀ọ̀kan lórí ọpọ́n), ó sì jọ pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ní ìgbésẹ̀ 24, Kasparov fi rúùkù rẹ̀ jẹ ọmọ ogun kan lójú d4, níbi tí ọmọ ogun dúdú mìíràn ti lè jẹ rúùkù náà láìsí wàhálà. Topalov jẹ ẹ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, rúùkù kejì sáré bọ́ sí e7, ó ń halẹ̀ mọ́ ọba, ó sì tún dúró sẹ́nu ayaba dúdú. Ẹ̀bùn tí kò ṣeé gbà nìyẹn, nítorí bí ayaba bá jẹ ẹ́, ọba yóò kú sílé ní ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí i. Ohun tó kù fún ọba náà ni kí ó jáde. Ó bọ́ sí b6. Ó jẹ ẹṣin ní a5. Ó bọ́ sí a4, ó jẹ ọmọ ogun ní a3, ó jẹ òmíràn ní b4, ó tún jẹ òmíràn ní c3, bí ẹran tí wọ́n ń fi iṣu fà lọ sí ọjà. Ibi gbogbo tó dé ni oúnjẹ wà, ibi gbogbo tó dé sì ni ilé rẹ̀ ń jìnnà sí i. Láti c3 ó bọ́ sí d2, láti d2 ó dé d1, ní ìlà àkọ́kọ́ àwọn funfun, níbi tí ọba dúdú kò ní iṣẹ́ kankan.

Nígbà náà ni Kasparov ṣe ohun tó pa àwọn òǹwòran lẹ́nu mọ́. Kò halẹ̀ mọ́ ọba mọ́. Ní ìgbésẹ̀ 36, ó rọra fa bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà sí f1, ojú tó ti kúrò láti ọjọ́ yìí, ó sì kọjú rẹ̀ sí ayaba Topalov. Ẹni tó kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì mọ̀ pé ìgbésẹ̀ tí kò pariwo ló ṣòro jù láti rí nígbà tí iná bá ń jó káàkiri ọpọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ Kasparov tẹ ayaba náà, Topalov sì jọ̀wọ́ ayò lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 44.

Àwọn tó yẹ ayò náà wò lẹ́yìn náà rí i pé kò pọn dandan kí Topalov jẹ rúùkù àkọ́kọ́ yẹn. Bí ó bá ti gbé ọba rẹ̀ lọ sí b6 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nǹkan ìbá sàn fún un. Ìyẹn kò bu ayò náà kù lójú mi. Kasparov gba ìdíje náà pẹ̀lú àmì 10 nínú 13, Anand tẹ̀lé e pẹ̀lú 9.5, Kasparov sì tún gba ti 2000 àti 2001. Carlsen kó àmì 10 yìí kan náà ní 2013.

Àwọn onílé ńkọ́? Ṣé ọmọ Netherlands ń gbà á?

Wọ́n ń gbà á dáadáa láyé àtijọ́. Yàtọ̀ sí Euwe, Jan Hein Donner borí ní 1950 nígbà tí kò tíì sí ẹni tó kà á sí, ó sì tún borí ní 1963. Genna Sosonko àti Jan Timman jọ gba ti 1981, Timman dá gba ti 1985. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé dá. Ọdún 36 gbáko kọjá tí àlejò ń kó ipò kìíní lọ.

Giri, tí wọ́n bí ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà tó sì ń ta ayò fún Netherlands, ni gbogbo ènìyàn rò pé yóò fọ́ ègún náà. Ó pàdánù ayò ìpinnu sọ́wọ́ Carlsen ní 2018. Ní 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà lé òǹwòran àti àwọn ọ̀pẹ̀ kúrò ní gbọ̀ngàn, òun àti ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, Jorden van Foreest, ní àmì 8.5 kan náà. Ayò kánmọ́kánmọ́ méjì tí wọ́n kọ́kọ́ ta parí sí ọ̀mì. Wọ́n wá lọ sí ayò ìkẹyìn tí wọ́n ń pè ní Armageddon, nínú èyí tí ọ̀mì ti já sí ìborí fún ẹni tó ń ta dúdú. Àwọn méjèèjì ń gbá ọwọ́ lu aago, ìṣẹ́jú àáyá ń tán, ọmọ ayò ń ṣubú, nígbà tí gbogbo rẹ̀ sì rọlẹ̀, van Foreest ló gbà á. Onílé borí, àmọ́ kì í ṣe onílé tí wọ́n ń retí.

Giri rí tirẹ̀ gbà ní 2023. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, Nodirbek Abdusattorov ti Uzbekistan ló wà níwájú, Giri na Richárd Rapport, ẹni tó sì na Abdusattorov tí Giri fi rí ọ̀nà kọjá ni van Foreest yìí kan náà.

Ṣé àwọn obìnrin ti kópa ní ìsọ̀rí òkè?

Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó tayọ jù ni ti Judit Polgár, ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì, ní 2003. Kò sí ẹni tó nà án nínú gbogbo ayò 13, ó kó àmì 8, ó sì wà ní ipò kejì pẹ̀lú ìdajì àmì péré lẹ́yìn Anand. Hou Yifan ti Ṣáínà náà ti bá àwọn Masters jókòó.

Ṣé kì í sí ìjà?

Ó máa ń wà. Ní 2008, Ivan Cheparinov kọ̀ láti bọ Nigel Short lọ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ayò. Adájọ́ fún Short ní ayò náà, wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n ní kí wọ́n wá ta á, Short sì nà án lórí ọpọ́n. Ní 2021, nígbà tí wọ́n ń múra ayò ìpinnu àwọn ọmọ Netherlands méjèèjì sílẹ̀, àwọn adájọ́ lọ bá Alireza Firouzja, tí ayò tirẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́, pé kí ó sún tábìlì. Inú bí i gidigidi, inú tó bí i sì tọ́. Àwọn olùṣètò tọrọ àforíjì. Ní 2022, Daniil Dubov kọ̀ láti fi ìbòjú bo ẹnu àti imú nígbà tó bá fẹ́ bá Giri ta ayò, wọ́n sì fún Giri ní àmì náà láìta.

Èyí tó parí sí rere ni ti 2025, ní ìsọ̀rí Challengers. Nodirbek Yakubboev kò bọ R. Vaishali, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, lọ́wọ́, ó sì ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé nítorí ẹ̀sìn òun ni. Ó wá bá a pẹ̀lú òdòdó láti bẹ̀bẹ̀, Vaishali sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹjọ́ mìíràn kò sí lórí ọpọ́n rárá. Àwọn ará Wijk aan Zee ti ń ráhùn fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí eruku tó ń fẹ́ bọ̀ láti ilé iṣẹ́ irin, tó ń bà lé fèrèsé wọn àti ibi tí ọmọ wọn ti ń ṣeré. Ọwọ́ tó ń gbé ìdíje ró náà ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn pé ó ń ba afẹ́fẹ́ abúlé jẹ́, kò sì yẹ kí ẹni tó ń sọ ìtàn ìdíje yìí fo ìyẹn dá.

Kí ló dé tí àwọn ará Íńdíà fi pọ̀ níbẹ̀ báyìí?

Àwọn kan rò pé nítorí pé ilé iṣẹ́ Íńdíà ló ni ín ni. Èrò mi yàtọ̀. Anand ti pín ipò kìíní ní 1989, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19, tí Hoogovens sì ṣì ń jẹ́ Hoogovens. Àwọn ọmọ tó wò ó láti ilé ló ń dé báyìí. Ní 2025, ọ̀rọ̀ náà di ti àwọn nìkan: D. Gukesh, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di aṣẹ́gun gbogbo ayé, àti R. Praggnanandhaa, àbúrò Vaishali, jọ wà níwájú di ọjọ́ ìkẹyìn, àwọn méjèèjì sì fìdí rẹmi ní ọjọ́ náà, Gukesh lọ́wọ́ Arjun Erigaisi, Praggnanandhaa lọ́wọ́ Vincent Keymer ti Jámánì. Àmì wọn dọ́gba ní 8.5. Gukesh gba ayò ìpinnu àkọ́kọ́, Praggnanandhaa gba èkejì, wọ́n wá ta èyí tí ẹni tó bá kọ́kọ́ borí yóò lọ sílé pẹ̀lú ipò kìíní, Praggnanandhaa ló sì gbà á.

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà, báwo ló ṣe lè wò ó?

Kò ṣòro. Gbogbo ìgbésẹ̀ ló ń jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ti ń ṣe é, lórí ojúlé ìdíje náà àti lórí àwọn ojúlé ṣẹ́ẹ̀sì ńlá, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ sì ń ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, aago Netherlands àti aago Nàìjíríà bára mu géérégé, nítorí náà kò sí pé ẹnì kan ń ṣírò wákàtí. Aago méjì ọ̀sán ni ìpele sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ayò tó bá sì le lè máa lọ títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Ọjọ́ ìkẹyìn nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà, kí àyè lè wà fún ayò ìpinnu bó bá di dandan, àti fún ọbẹ̀.